Oṣù Méje Lẹ́yìn Bọ́ọ̀lù, Ẹsẹ̀ Ò Tíì Gbàgbé: Antí Olórọ́bà Dáhùn Ìbéèrè Yín

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá wa. Aránṣọ ni mí ní Òkè-Àdó, ọmọ ọdún 36. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni mo fi ń tẹ máṣíìnì, òun náà ni mo sì fi ń gbá bọ́ọ̀lù. Ní oṣù méje sẹ́yìn, láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, a ń gbá mọ́ńkì pósìtì ládùúgbò. Mo fẹ́ yí sápá òsì ni ẹnìkan bá fi bọ́ọ̀tù tẹ ẹsẹ̀ mi mọ́lẹ̀. Ara yí, ẹsẹ̀ ò yí. Mo gbọ́ tó ró "kà!" Kí a tó délé, ó ti wú bí búrẹ́dì tó bọ́ sómi. Wọ́n gbé mi lọ bá bàbá kan tó máa ń wọ́ ẹsẹ̀. Ó da omi gbígbóná sí i, ó fi òrí wọ́ ọ, ó fà á, mo ké bí ọmọ ọwọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mo lọ ya ẹ́síréè. Wọ́n ní eegun kankan ò ṣẹ́, wọ́n fún mi ní oògùn ìrora. Mo sinmi, ó rọlẹ̀. Mo padà sórí pápá, ó tún gbé e dé. Láti ìgbà náà, bí mo bá gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ Àìkú, títiro ni títí di Ọjọ́bọ̀. Tó bá di ọjọ́ Ẹtì, màá rò pé ó ti tán. Orí ẹsẹ̀ ló ń dùn mí, níbi tí okùn bàtà máa ń wà, àti ẹ̀gbẹ́ ìta lábẹ́ kókósẹ̀. Bí mo bá tẹ máṣíìnì fún wákàtí kan, ṣe ló máa ń ta mí bí iná. Ojoojúmọ́ ni mò ń lo diclofenac, oògùn ìrora yẹn. Ìyàwó mi ní mo tẹ nǹkan. Ìyá mi sì ti ń wá ẹni tó máa bá mi wò ó. Ìyá, ṣé eegun ò ṣẹ́ lóòótọ́? Kí ló dé tí kò lọ? Ṣé kí n jáwọ́ nínú bọ́ọ̀lù ni?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, ìyá lo pè mí, nítorí náà màá fi "ẹ" sílẹ̀, màá máa pè ọ́ ní "ìwọ" bí mo ṣe ń pe àwọn ọmọ mi. Lẹ́tà rẹ gùn ju báyìí lọ. Mo ti yọ ibi tí o ti ń ṣépè fún ẹni tó tẹ̀ ọ́. Mi ò bá ọ wí. Ohun tó bá ń dun ni níí pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni.

Jẹ́ kí n ti ọ̀dọ̀ ìyàwó rẹ bẹ̀rẹ̀. Ìwọ kọ́ lo tẹ nǹkan o, nǹkan ló tẹ̀ ọ́: bọ́ọ̀tù, pẹ̀lú gbogbo ìwúwo ẹni tó wọ̀ ọ́. Èmi kì í bá ìyàwó ilé àti ìyá ọkọ jiyàn lórí irú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó bá fẹ́ gbàdúrà, kó gbà á. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ físíò, ìyẹn fífi eré ìdárayá tọ́jú ara tó ń dunni, nílùú Ìbàdàn, mo sì ti rí ẹsẹ̀ tí wọ́n gbé yí gbogbo ilé ká, láti Bẹẹrẹ dé Ọ̀jọ́ọ̀, kí wọ́n tó gbé e dé ọ̀dọ̀ mi. Nínú gbogbo ibi tí wọ́n gbé e dé, kò sẹ́ni tó bi ẹlẹ́sẹ̀ ní ìbéèrè kan tí màá bi ọ́ báyìí.

Nígbà tí wọ́n ya ẹ́síréè yẹn, ṣé o dúró ni àbí o dùbúlẹ̀?

Eegun 26 ló wà nínú ẹsẹ̀ kan. Àwọn tó wà láàárín, níbi tí o ní okùn bàtà máa ń wà yẹn, wọ́n tò bí òkúta tí mọlémọlé tò sínú afárá: kò sí èyí tó lè dá dúró, iṣan kúkúrú líle ló so wọ́n pọ̀. Bí iṣan yẹn bá já, tí o sì dùbúlẹ̀ sórí tábìlì ẹ́síréè, eegun lè padà sáyè rẹ̀ kó jókòó jẹ́ẹ́ bí ọmọ tí tíṣà ń wò. Fọ́tò á jáde, á mọ́ kedere. Ìgbà tí o bá dìde, tí gbogbo ara rẹ bọ́ sórí rẹ̀, ni àlàfo tó wà níbẹ̀ máa tó yọjú. Ìdúró ni wọ́n ti ń ya irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì máa ń ya ẹsẹ̀ kejì tí kò ṣe nǹkan kan mọ́ ọn, kí wọ́n lè fi wọ́n wéra. Lisfranc ni àwọn dókítà ń pe oríkèé náà, orúkọ oníṣẹ́-abẹ ará Faransé kan ni, ó sì wà lára ìfarapa tí ojú máa ń fò jù lẹ́sẹ̀. Ìwọ sọ fún mi pé ara yí, ẹsẹ̀ ò yí, o sì ní orí ẹsẹ̀ gan-an ló ń dùn ọ́. Ibẹ̀ lọkàn mi kọ́kọ́ lọ.

Bi ìyàwó rẹ léèrè, torí àwọn ìyàwó kì í gbàgbé: ní ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta, ṣé àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ dúdú bí ibi tí ẹ̀jẹ̀ dì sí? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, àmì ńlá ni. Lẹ́yìn náà, fọwọ́ di ògiri mú, gbé ẹsẹ̀ òsì kúrò nílẹ̀, kí o wá gbé gìgísẹ̀ ọ̀tún sókè kí o fi ọmọ-ìka dúró. Bí àárín ẹsẹ̀ bá ké pé òun ò lè gbé ọ, má tíì ṣe ìkankan nínú eré ìdárayá tí màá kọ sísàlẹ̀. Wọ Míkírà tàbí kórópe, kọrí sí UCH tàbí ilé ìwòsàn tí dókítà eegun wà, kí o sọ fún wọn pé oṣù méje rèé, kí wọ́n jọ̀wọ́ ya á ní ìdúró. Má tijú. Ẹsẹ̀ rẹ ni.

Ibì kan tún kù. Ní ẹ̀gbẹ́ ìta ẹsẹ̀, ní ìdajì ọ̀nà láti gìgísẹ̀ sí ọmọ-ìka kékeré, eegun kan yọ gọnbu. Fi ìka tẹ̀ ẹ́ àti iwájú rẹ̀ díẹ̀. Bí ó bá dùn ọ́ gan-an níbẹ̀, sọ fún dókítà, torí eegun iwájú ibẹ̀ yẹn máa ń pẹ́ kó tó jinná, ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ibẹ̀ kò pọ̀. Robert Jones, dókítà kan nílùú Liverpool, ṣẹ́ irú eegun yìí lẹ́sẹ̀ ara rẹ̀ níbi tó ti ń jó, ó sì kọ ọ́ jáde lọ́dún 1902. Ijó o! Ẹ̀yin tí ẹ rò pé bọ́ọ̀lù nìkan ló ń ṣẹ́ni lẹ́sẹ̀, ẹ rọra lóde ìgbéyàwó lọ́jọ́ Àbámẹ́ta.

Ó dáa. Ká ní wọ́n ti ya á ní ìdúró, ó mọ́, èyí tó ṣeé ṣe dáadáa. Kí ló wá mú un pẹ́ tó oṣù méje?

Mo mọ ìdáhùn yìí lára ara mi. Nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́ físíò, ẹsẹ̀ òsì mi rọ́ níbi tí a ti ń gbá bọ́ọ̀lù ọwọ́. Mo fi báńdéèjì dì í, mo sinmi, mo padà, ó wú. Mo sinmi, mo padà, ó wú. Odindi ọdún kan. Lọ́jọ́ kan, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá wa, obìnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín, rí mi tí mò ń fi ẹ̀gbẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn bí arúgbó. Ó pè mí wọ yàrá. "Fi ẹsẹ̀ yẹn nìkan dúró. Di ojú." Kó tó ka ẹ̀ẹ́rin, mo ti ṣubú lu kẹ̀kẹ́ oògùn, òwú àti báńdéèjì fọ́n káàkiri ilẹ̀. Ó ní kí n fi ẹsẹ̀ kejì dúró. Mo dúró, ó kà dé ọgbọ̀n. Ló bá wò mí látòkèdélẹ̀. Èmi tí mò ń kọ́ bí a ṣe ń tọ́jú ẹsẹ̀ àwọn ẹlòmíràn!

Iṣan ọrùn-ẹsẹ̀ kì í ṣe okùn lásán. Inú rẹ̀ ni àwọn tó ń ròyìn fún ọpọlọ wà: ilẹ̀ dà síbí o, òkúta rèé o, tètè gbà mí mú. Nígbà tí iṣan bá fà tàbí tó já, ó lè jinná kí ìròyìn má lọ bó ṣe yẹ mọ́. Ẹran ẹ̀yìn ojúgun náà á ti fẹ́lẹ́ nítorí títiro. Wo ohun tí ò ń ṣe sí i: o fi ọjọ́ mẹ́fà ṣìkẹ́ rẹ̀, o wá kó iṣẹ́ ọjọ́ méje lé e lórí láàárín wákàtí méjì lọ́jọ́ Àìkú. Ìsinmi yẹn ló ń jẹ́ kí ìrora lọ, òun kan náà ni kò jẹ́ kí ẹsẹ̀ lágbára tí yóò fi gbé bọ́ọ̀lù tó ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ gan-an nìyẹn, àbúrò mi. Ẹsẹ̀ rẹ kò nílò ìsinmi sí i, bẹ́ẹ̀ ni kò sì tíì lè gba bọ́ọ̀lù. Iṣẹ́ tó wà láàárín méjèèjì ni ẹnikẹ́ni kò fún un ṣe.

Èyí tó kù, àwọn èèyàn kì í fẹ́ gbọ́ ọ, wọ́n á ní mo pè wọ́n ní onírọ́. Ìrora lè pẹ́ ju ọgbẹ́ lọ. O mọ ajá ilé tí olè ti wọ̀ rí? Ewúrẹ́ kọjá, á gbó. Ewé já bọ́, á gbó. Olè ò sí níbẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ajá kò purọ́, ẹ̀rù ló ń bà á. Bẹ́ẹ̀ ni iṣan ìmọ̀lára ṣe máa ń di lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Àìsùn máa ń mú un le sí i, àníyàn náà bẹ́ẹ̀. O kò sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé aṣọ ẹbí wà ńlẹ̀, o sì ń rán an mọ́jú.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ka ojú ìwé yìí, ẹ ó wá mọ ìdí tí wọ́n fi ń pè mí ní Olórọ́bà.

Lọ bá fọkanáísà tó wà nítòsí ṣọ́ọ̀bù rẹ, ní kó fún ọ ní tíúbù ọ̀kadà tó ti lẹ̀ títí tó sú u. Fi síṣọ́ọ̀sì rẹ gé e kó gùn tó apá rẹ, kó fẹ̀ tó ìka méjì. Fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ tinú tòde, nítorí ẹ̀tù funfun inú rẹ̀ máa ń kó bá aṣọ oníbàárà. So orí rẹ̀ méjèèjì pọ̀, kí o fi kọ́ ẹsẹ̀ máṣíìnì rẹ, irin ni, kò ní lọ síbì kan. Jókòó, ki iwájú ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ inú rẹ̀, fi gìgísẹ̀ sílẹ̀, kí o wá fi ẹsẹ̀ fa rọ́bà náà síta, sápá ọmọ-ìka kékeré. Orúnkún ò gbọdọ̀ yí tẹ̀ lé e o. Ibẹ̀ ni gbogbo èèyàn ti ń rẹ́ mi jẹ. Fà á jáde ní ẹní, èjì. Jẹ́ kó padà ní ẹní, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Bí rọ́bà bá fò padà "pá!", o kò tíì ṣe nǹkan kan, pípadà wẹ́rẹ́ yẹn gan-an ni iṣẹ́. Ṣe é ní mẹ́wàá mẹ́wàá, lẹ́ẹ̀mẹta, láàárín aṣọ kan sí òmíràn.

Láàárọ̀, kí o tó sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ kọ ábídí Yorùbá sójú òfuurufú. Gbogbo lẹ́tà 25, kí o sì fi àmì sábẹ́ ẹ, ọ àti ṣ, torí àwọn àmì yẹn ni ọrùn-ẹsẹ̀ ti máa ń ṣiṣẹ́ jù. Bí o bá ń fọ eyín, fi ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan dúró. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí ojú là sílẹ̀. Bí o bá ti lè ka ọgbọ̀n láì fọwọ́ kan ògiri, dijú, ṣùgbọ́n kí ògiri wà nítòsí, má ṣe bíi tèmi. Lẹ́nu ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, gbé gìgísẹ̀ méjèèjì sókè, sọ̀ ọ́ kalẹ̀ wẹ́rẹ́. Bó bá yá, ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan. Bí ẹsẹ̀ òsì rẹ bá lè ṣe márùndínlọ́gbọ̀n, tí ọ̀tún sì dákẹ́ sí mẹ́jọ, o ti rí gbèsè tí ò ń jẹ ẹ́.

Ìrora ń kọ́? Mo máa ń sọ fún àwọn èèyàn mi pé ká kà á sí náírà mẹ́wàá. Bí o bá ń ṣe é tó dùn tó náírà mẹ́ta, máa ṣe é lọ. Bó bá tó márùn-ún, dín in kù. Ṣùgbọ́n àárọ̀ ọjọ́ kejì ni adájọ́: bí ẹsẹ̀ bá rí bó ṣe rí lánàá, o wà lójú ọ̀nà, bó bá wú tàbí tó le, àná ti pọ̀ jù, padà sẹ́yìn díẹ̀, má sì dá a dúró pátápátá.

Ní ti máṣíìnì, má fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tẹ̀ ẹ́ mọ́. Gbé méjèèjì sórí pẹ́dà, jókòó sókè díẹ̀ sí i, kí o sì dìde ní gbogbo ìṣẹ́jú ogún bí ẹni fẹ́ gé aṣọ. Bàtà onírọ́bà tẹ́lẹ́ńtẹ́lẹ́ tó ń ṣẹ́ po, fi sílẹ̀ fún balùwẹ̀. Wọ kánfáàsì tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ le.

Diclofenac lójoojúmọ́ fún oṣù méje, Ọlọ́run ló yọ ọ́. Ó ń dá egbò sínú ikùn, ó ń yọ kíndìnrín lẹ́nu, ó sì ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, pàápàá bí wọ́n bá fi agbo jẹ̀dí tì í lẹ́yìn. Lọ bá dókítà kó wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ, kó sì bá ọ wá ọ̀nà mìíràn. Bí ìgbẹ́ rẹ bá dúdú bí ọ̀dà, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí o lọ.

Mi ò ní bú bàbá tó wọ́ ọ. Àwọn kan wà nínú wọn tí ọwọ́ wọn mọ eegun. Ṣùgbọ́n omi gbígbóná àti fífà lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ̀jẹ̀ ló ń pè jọ sójú ibẹ̀, bí eegun bá sì ti sán, ó lè yà á. Nígbà mìíràn, píọ̀ wọ́tà tó dì ni kí o fi aṣọ wé, kí o gbé e lé e fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹsẹ̀ wà lórí ìrọ̀rí. Bí o ò bá sì lè gbé ìṣísẹ̀ mẹ́rin, ẹ́síréè ni lọ́jọ́ yẹn, kì í ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Bọ́ọ̀lù ńkọ́? Rárá o, má jáwọ́. Ṣùgbọ́n fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, rẹfirí ni ọ́ lọ́jọ́ Àìkú. Gba fèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń fọn ọ́n, kí o máa rìn kiri pápá, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ á bú ọ, á mọ́ ọ lára. Lẹ́yìn náà, máa sáré wẹ́rẹ́ ní títọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, sáré bí ẹni ń kọ 8 sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, fífò lórí ẹsẹ̀ kan. Ìgbà tí ìyẹn ò bá wú ọ mọ́ ni kí o kan bọ́ọ̀lù. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Bí o bá fẹ́ fi òkè dán ara rẹ wò, Ìbàdàn ò ṣẹ́ni lọ́wọ́: gun òkè Mọ́kọ́lá, ṣùgbọ́n ṣọ́ra bí o bá ń sọ̀ kalẹ̀, ìsọ̀kalẹ̀ ló máa ń tú àṣírí ẹsẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ti sọ ọ̀rọ̀ Beckham fún ọ. Òótọ́ ni, eegun ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ṣẹ́ ní oṣù kẹrin ọdún 2002, ó sì gbá bọ́ọ̀lù fún Íńgíláńdì ní ife àgbáyé ní oṣù kẹfà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ Beckham ni kó máa tọ́jú ẹsẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, àwọn tí wọ́n ń sanwó fún sì wà tí kò ní iṣẹ́ méjì ju ẹsẹ̀ yẹn lọ. Ìwọ ní aṣọ ẹbí tí wọ́n ń retí.

Àwọn nǹkan kan wà tí kì í ṣe tèmi, dókítà ni kí o tètè bá: bí ẹran ẹ̀yìn ojúgun bá wú tó sì gbóná, pàápàá bí èémí bá ń há ọ, bí ẹsẹ̀ bá pọ́n tí ibà sì gbé ọ, bí aṣọ ìbora lásán bá kàn án tó dà bí iná, tí àwọ̀ rẹ̀ ń yí padà tó ń làágùn lódì, bí ó bá kú tipiri tí o kò mọ̀ ọ́n lára. Ẹni tó bá ní ìtọ̀ ṣúgà, kó má fi eré kankan inú ìwé yìí dán ẹsẹ̀ tó ní egbò wò.

Bí o bá ti ya ẹ́síréè tuntun, kọ̀wé padà sí mi. Bí o bá sì fẹ́ ẹni tó máa fojú rí ọ, láti 1966 ni wọ́n ti ń kọ́ físíò ní Yunifásítì Ìbàdàn. Kò yẹ kí ẹni tó ń gbé ìlú yìí máa tiro fún oṣù méje láì rí ẹnìkan nínú wa.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ káàsán mà. Ọmọkùnrin mi ọmọ ọdún 11 ń sáré fún ilé aláwọ̀ ewé ní ilé ìwé rẹ̀. Láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni gìgísẹ̀ méjèèjì ti ń dùn ún bó bá ti sáré tán. Kò ṣubú, kò rọ́ ọ. Tíṣà eré ìdárayá ní ọ̀lẹ ló ń ṣe é. Ìyá Agbowó.

ÌDÁHÙN: Ìyá Agbowó, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka yín fún gìgísẹ̀ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, bí ẹni ń mú ẹyin. Bó bá yọ ẹsẹ̀ padà lọ́wọ́ yín, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ibi tí eegun gìgísẹ̀ ti ń dàgbà ló ń dùn ún. Bí ọmọdé bá ń ga, iṣan ẹ̀yìn ẹsẹ̀ máa ń fa ibẹ̀, eré orí ilẹ̀ líle sì ń dá kún un. Kì í ba eegun jẹ́, ó sì máa ń lọ fúnra rẹ̀ bí eegun yẹn bá ti dàgbà tán. Ẹ dín eré kù, ẹ má ṣe dá a dúró pátápátá. Ẹ wá nǹkan tó rọ̀ sínú gìgísẹ̀ kánfáàsì rẹ̀. Kó sì máa na ẹ̀yìn ojúgun rẹ̀ sára ògiri lálaalẹ́. Àmọ́ bó bá ń jí i lóru, tí ẹ̀gbẹ́ kan nìkan wú, tí ibà wà, tàbí tó bá jẹ́ SS (fọ́níkú-fọ́ladìde), ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́la, ẹ má dúró de èmi. Ẹ sì bá mi kí tíṣà yẹn. Ẹ ní Antí Olórọ́bà ní kó fún ọmọ náà ní aago ìṣírò eré, kó máa bá wọn ka àkókò títí oṣù yóò fi parí.